Wọ́n Ti Gba Jesse

Ọ̀sán Sátidé kan ní ọdún 1991 ni Jesse ti Ìbàdàn dé sí Fìdítì. Oko ọsàn ló bá bàbá rẹ̀, Díákónì Solomon. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti gbà mí ní ilé-ẹ̀kọ́ dókítà ti Ìbàdàn. Ti Ìlọrin náà ti gbà mí. Èwo ni kí n lọ?"

Ọ̀rọ̀ ṣì kù lẹ́nu ọmọ náà, ṣùgbọ́n ta ló ráyè gbọ́ ìyókù? Díákónì ti ju àdá sílẹ̀, ijó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó délé, ó ti sọ fún èèyàn mẹ́tàdínlógún, ó sì kìlọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ayé. Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Dókítà. Kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jókòó ìpàdé. Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n Díákónì lóbìnrin, wá láti Ìlọrà. Tíṣà Àbọ̀dé, tó kọ́ Jesse ní girama, náà wá. Hannah, ìyá ọmọ, jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Jesse?" Tíṣà ní. "Jesse yìí náà?"

"Jesse mìíràn wo lẹ tún mọ̀?"

"Ẹ jẹ́ n rí ìwé tí wọ́n kọ sí i."

Díákónì rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, òun kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, Bíbélì Yorùbá lòun ń kà, ṣùgbọ́n bí òun bá rí ojú ìlara, òun mọ̀ ọ́n. Ìwé ti wà nísàlẹ̀ àpótí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò. "Tíṣà," ó ní, "ìwé ọmọ mi kì í ṣe ìwé ìròyìn."

Ìbíyẹmí ní Ìlọrin ni kí ọmọ lọ. Oúnjẹ ibẹ̀ kò wọ́n, àwọn sì ní ìbátan níbẹ̀. "Àbí omi lásán ni dókítà Ìlọrin fi ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún: 'Dókítà láti Ìbàdàn.' Ẹ wá gbọ́ 'Dókítà láti Ìlọrin.' Àfi bíi pé ọmọ lọ ra màlúù." Ó yíjú sí Jesse. "Níbo ni wọn ó fi ọ́ sí?"

"Ti Ìlọrin, ìta ni mo máa wà, lẹ́bàá géètì. Ti Ìbàdàn, inú ilé ni, lọ́dọ̀ àwọn òkú."

"Orí mi o!" Hannah fò dìde. "Òkú kẹ̀?"

"Ìyá Jesse, ẹ fara balẹ̀," Tíṣà ní. Ara òun náà ti ń balẹ̀ díẹ̀. "Òkú ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí dókítà tí kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan òkú."

"Ẹ ò rí nǹkan?" Díákónì ní. "Ìlọrin tẹ́ ẹ ní kò wọ́n, ìta ló máa sùn sí. Owó ilé nìyẹn!"

Jesse yọ ohùn díẹ̀. "Bàbá, kò sí èyí tó gba owó níbẹ̀. Àwọn ni yóò máa fún mi lówó lóṣooṣù. Wọ́n máa fún mi láṣọ àti bàtà pẹ̀lú."

Ìbíyẹmí pàtẹ́wọ́, ó ní Ọlọ́run ṣeun, sikọláṣípù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú Díákónì le. Ọmọ tòun ni ìjọba máa rán aṣọ fún? Kí àwọn ará ìjọ wá máa sọ pé àánú ni wọ́n ṣe é? Rárá o. Ìbàdàn ni Jesse ń lọ, owó bàbá rẹ̀ ni yóò sì ná níbẹ̀. Oko ọsàn wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tà á.

"Bàbá Jesse, oko yẹn la fi ń jẹun," Hannah ní. "Bàbá yín ló gbìn ín. Bí ẹ bá tà á, kí la ó máa jẹ?"

"Iyì."

"Iyì kì í ṣeé fi jẹ ẹ̀bà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á nítorí tèmi," Jesse ní.

"Pa ẹnu ẹ dé. Ṣé ìwọ lo bí mi ni?"

Jesse pa ẹnu dé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni.

Mùtàlíbù tó ń ra ọsàn lọ sí Èkó ló ra oko náà. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń wò ó. Ó san ìdajì iye tó yẹ, ó sì fi àdúrà àlùbáríkà dí ìyókù. Díákónì ra kóòtù funfun fún ọmọ, ó ra rọ́bà tí dókítà máa ń kì bọ etí, ó sì ra agbádá tuntun fún ara rẹ̀, torí bàbá dókítà kì í rìn bákan ṣáá. Ọjọ́ méjì ni Hannah fi sunkún. Bí wọ́n bá bi í, á ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun.

"Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló ń wọlé lọ́jọ́ kìíní oṣù?" Tíṣà béèrè nígbà tó gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ.

"Ilé-ẹ̀kọ́ gidi," Díákónì dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí wọ́n fi dé Ìbàdàn. Wọ́n ní kí wọ́n gba ẹ̀yìn ilé ńlá kan lọ. Díákónì fúnra rẹ̀ ló na ìwé náà sí ọkùnrin tí wọ́n bá níbẹ̀, ó ní, "Wọ́n ti gba ọmọ mi."

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ogún èèyàn ló ń dù ú."

Ọkùnrin náà ka ìwé tán, ó wo agbádá bàbá, ó wo kóòtù funfun ọmọ, ó wá gbé korobá àti bàtà rọ́bà lé Jesse lọ́wọ́, ó ní kó tètè máa bọ̀, torí òkú mẹ́rin ti wà nílẹ̀ láti àná, Jesse sì ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa wẹ̀ wọ́n.