Kọ́láwọlé Sọ Bàbá Rẹ̀ Di Lébìrà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á dé òpin, bó tilẹ̀ ń rí yín lára.

1.
Ìkòrò-Èkìtì ni Kọ́láwọlé ń gbé, nínú ilé bàbá rẹ̀. Oúnjẹ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n lórí Fesibúùkù, ọ̀gá olóko kòkó ni, ó ń kó kòkó lọ sókè òkun, bàbá rẹ̀ sì ti kú tipẹ́! Lọ́jọ́ kan, ó ya fọ́tò bàbá náà níbi tó ti ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó tó sá sóòrùn, ṣòkòtò oko rẹ̀ ya lórúnkún. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà mi. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Tó bá sì délé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o." Ìríra gbáà!

2.
Orí Fesibúùkù náà ló ti rí Fọlákẹ́mi, ọmọ Ọ̀ṣun, ó ní òun fẹ́ fi ṣaya. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í fọmọ fọ́kọ láì wádìí. Ọládọ̀tun, àbúrò bàbá Fọlákẹ́mi, wọkọ̀ dé Ìjerò, ó gun ọ̀kadà dé Ìkòrò láì sọ fẹ́nì kan. Ó bá bàbá nídìí kòkó, ó sì dá ojú rẹ̀ mọ̀ láti inú fọ́tò orí Fesibúùkù.

"Bàbá, ọ̀gá yín Kọ́láwọlé ńkọ́?"

"Ọ̀gá kẹ̀? Ọmọ mi ni. Ẹ wọ ulé, ẹ jókòó."

Ẹnu ya àlejò. Ó fi fọ́tò hàn án, ó ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ fún un. Bàbá wò ó títí.

"Bóyá ẹlòmíì ló kọ ọ́," ni bàbá wí.

3.
Ibẹ̀ ni Kọ́láwọlé wọlé bá wọn.

"Àbúrò bàbá Fọlákẹ́mi ni mí," ni Ọládọ̀tun wí. "Ta ni bàbá yìí sí ọ?"

Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wo àlejò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ìbá fi tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

"Lébìrà mi ni, sà."

Bàbá rọra dìde. "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ jẹ́ kí lébìrà yín padà sídìí uṣẹ́."

Ọládọ̀tun tutọ́ sílẹ̀. "Ẹni tó sọ bàbá tó bí i di lébìrà, kí ni yóò sọ àwa àna dà?" Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ìyàwó ṣe bọ́ nìyẹn. Bàbá fa oko kòkó lé Títílayọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́. Títí dòní, bí Kọ́láwọlé bá dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni: "Ẹ ǹlẹ́ o, ọ̀gá mi." Kò pè é lọ́mọ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sẹ́ ilé yín lórí fóònù, ẹ ṣọ́ra o! Ẹni tí ẹ sọ pé ó ti kú lè jókòó lójúde lọ́jọ́ tí àlejò yín bá dé. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló ń gbẹ.