Ọ̀gá Eésì Pa Gíláàsì Dé

"Ẹ wọlé, Mọ́mì, kí oòrùn má baà pa yín," ni mẹkáníìkì eésì wí fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì pa gbogbo gíláàsì ọkọ̀ dé.

Gáàsì tó ń mú kí eésì ọkọ̀ tirẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn tútù ti jò tán láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ̀ oníbàárà nìkan ló ń ráyè tún ṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọkọ̀ wá fún mẹkáníìkì eésì tó ń ṣí gíláàsì wakọ̀? Ó kúkú ń jinná sínú ọkọ̀ lójoojúmọ́. "Ọ̀gá eésì, ọ̀gá òógùn," ló fi ń bú ara rẹ̀ nínú.

Ó tẹ bọ́tìnnì eésì. Atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sí wọn lójú.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́ pa á, òtútù ti ń mú mi," ni ìyá wí, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

Ó pa á wéré, ó ń dúpẹ́ pé ìyá kò fura.

Nígbà tí iná ojú pópó dá wọn dúró, ìyá tọwọ́ bàpò, ó mú abẹ̀bẹ̀ méjì jáde.

"Gba tìẹ. Ìyàwó ẹ ló ní kí n mú méjì dání."

Oníbàárà kan kí i láti inú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí i. Ó wá gba abẹ̀bẹ̀, ó gbé e wálẹ̀ kí ojú ará òde má tó o, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra.