Sìgá Oníbátìrì Nínú Báàgì Ìyá Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń di ẹrù ìrìn-àjò lọ́wọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná. Wáyà ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀, àti nítorí pé ó tínínrín débi pé ìgbànú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Kì í já oníbàárà kulẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni sìgá oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní féèpù, irú èyí tí wọ́n ń fà tán tí wọ́n á sì jù nù. Ó ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti jáwọ́. Irọ́ ni. Inú ilé ìwẹ̀ ló ti ń fà á. Òórùn èso ló ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ìyá á sì máa yin ọṣẹ tuntun tó ń ta sánsán.

2.
Ẹ̀gbọ́n Wáyà obìnrin, tó ń gbé lókè òkun, bímọ lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wojú Ọlọ́run. Ìyá wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, gba físà láti lọ gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ní kí Wáyà sìn ín lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó kìlọ̀ fún un pé òfin ìlú àwọn kò fàyè gba féèpù rárá. Wáyà ní òun ti jáwọ́ tipẹ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, féèpù mẹ́jọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó pé ta ni yóò tú báàgì ìyá arúgbó? Bí ìyá ṣe wọ yàrá lọ múra, ó fi súwẹ́tà ọmọ, tí ìyá fi oṣù méjì hun, wé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì ìfàlọ́wọ́ ìyá.

Nínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n pín fọ́ọ̀mù. Wáyà ló kọ ti àwọn méjèèjì. Ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n gbé sìgá tàbí féèpù, ó kọ “Rárá” sí tirẹ̀, ó kọ ọ́ sí ti ìyá. Ìyá fọwọ́ sí ibi tó nàka sí, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

3.
Nígbà tí wọ́n balẹ̀, báàgì ìyá gba inú ẹ̀rọ kọjá, wọ́n sì fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Obìnrin aṣọ́bodè kan wọ ìbọ̀wọ́, ó tú súwẹ́tà náà. Féèpù mẹ́jọ dà sórí tábìlì.

Ìyá ò gbọ́ èdè wọn. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, “Ọkọ mi, kí ni wọ́n ń wí?”

Aṣọ́bodè bi Wáyà bóyá ó mọ àwọn nǹkan náà. Ó ní òun ò rí wọn rí, ó sì tún un sọ fún ìyá rẹ̀ ní Yorùbá.

Ìyá mú ọ̀kan, ó gbé e símú. Òórùn ọṣẹ ilé ìwẹ̀ ni. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀ pẹ́. Ọmọ ń wo ilẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá lórí fóònù, ìyá sì sọ̀rọ̀ sí i wẹ́rẹ́ pé, “Èmi ni mo ni wọ́n. Ọmọ mi ò mọ nǹkan kan.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, gbólóhùn kan péré ni ì bá tú ìyá yìí sílẹ̀. Wáyà panu mọ́.

4.
Wọ́n ṣàlàyé pé ká ní ìyá jẹ́wọ́ wọn sórí fọ́ọ̀mù ni, àwọn ì bá kàn gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Irọ́ tó wà nínú ìwé ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Wọ́n tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹni ya olè, wọ́n fagi lé físà rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀sán ni yóò dá a padà. Wọ́n ní kí Wáyà máa lọ.

Ìyá ká súwẹ́tà náà dáadáa, ó nà án sí i. “Gbé e fún ọmọ náà. Kí òtútù má mú un.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró níta, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn Wáyà. “Màámi dà?”

Wáyà sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba súwẹ́tà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dá a padà fún un. Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọmọ náà.

Ìgbà náà ni Wáyà sáré padà lọ jẹ́wọ́. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì dá òun náà padà lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìyá ti gbéra, ohun tí wọ́n sì kọ sórúkọ rẹ̀ kò tíì parẹ́ títí dòní.

5.
Nílé, ìyá ń sọ fún àwọn ará àdúgbò pé ìwé òun ni ò pé. Inú fóònù ló ti rí eyín àkọ́kọ́ ọmọ náà, ibẹ̀ náà ló ti rí i tó ń kọ́ ìrìn tá-a-tá.

Wáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ìyá ní, “Dìde. Mo ti dárí jì ẹ́. Bí wọ́n ṣe dá mi padà kọ́ ló ń dùn mí. O ní o ò rí wọn rí, èmi sì ń wo ojú rẹ.”

Wáyà ti jáwọ́ nínú féèpù ní tòótọ́ báyìí. Ṣùgbọ́n kò ní ẹnu tí yóò fi sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, torí ó ti sọ ọ́ rí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ tó wọkọ̀ òfurufú, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ. Ohun tó jẹ́ ṣeréṣeré níbì kan, ẹ̀ṣẹ̀ ni níbòmíràn. Ẹ má kó nǹkan oníbátìrì yìí sínú ẹrù tí wọ́n ń kó sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ó lè gbiná. Ẹ kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má fi ohun tí ẹ ń tijú rẹ̀ pamọ́ sínú ẹrù ẹni tó fọkàn tán yín.

Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ẹni tó bá fi ìka tirẹ̀ pamọ́ sí ọwọ́ ìyá rẹ̀, kó rántí pé ọba ò mọ ìyàtọ̀.