Ojú Òsì Tí Ojú-Àṣá Ní Ó Ń Sinmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka nǹkan dé ìdajì kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ ka èyí tán ná. Ọ̀rọ̀ ojú ni, ojú sì lọba ara.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún aago ọwọ́ ṣe. Ojú-Àṣá ni wọ́n ń pè é, torí kò sí èérún tó lè sá pamọ́ fún un nínú aago. Á há awò kékeré sójú ọ̀tún, á di ojú òsì pa, á tẹrí ba sórí tábìlì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sín ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Tó bá sì ti ṣí aago báyìí, kì í dìde mọ́ títí á fi dé e padà, torí eruku.

Nígbà tí orí ń fọ́ ọ ṣáá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni nílé ìwòsàn. Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n kìlọ̀ pé kó má dáwọ́ ẹ̀ dúró. Àmọ́ oògùn náà ń mú un tọ̀. Báwo lẹni tó ṣí aago sílẹ̀ ṣe fẹ́ máa sáré lọ tọ̀? Dípò kó padà lọ sọ fún wọn, ṣe ló ju oògùn sínú dúrọ́ọ̀. Tíyàwó ẹ̀ bá béèrè, á ní òun ń lò ó. Irọ́ ni.

2.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí. Ọṣẹ ta sójú ọ̀tún, ó sì dì í. Ojú òsì nìkan ló kù tó fi ń wo dígí. Ó rí ọrùn ara ẹ̀, ó rí èjìká méjèèjì. Ibi tó yẹ kí ojú ẹ̀ wà, ìkùukùu dúdú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ara mi ń bù máṣọ bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìgbà wo ni ìkùukùu yẹn ti débẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀, torí ojú tó máa ń dì pa ṣiṣẹ́ ni.

Ó sọ fún ìyàwó ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ń lọ sílé ìwòsàn lónìí olónìí.

"Ojú ọ̀tún ló ń bọ́ wa," ọkùnrin náà fèsì. "Ti òsì kàn ń sinmi ni."

Àmọ́ ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Tí oníbàárà bá wọlé, á rọra di ojú ọ̀tún wò ó. Aṣọ á wọlé, bàtà á wọlé, ìkíni á máa ti ibi tí orí ò sí jáde wá. Nígbà tó yá, kódà tó bá ń jẹun, ó ń di ojú òsì yẹn pa, kó má baà rí nǹkan ọ̀hún.

3.
Ẹ̀bẹ̀ ìyàwó ló gbé e dé ilé ìwòsàn nígbẹ̀yìn. Dókítà obìnrin kan yẹ ẹ̀yìn ojú ẹ̀ wò, ó sì ṣàlàyé fún un wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ojú, inú ẹ̀ làwọn iṣan tó ń gbé ohun tá a rí lọ sọ́pọlọ wà. Òpó kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un, òmíràn ń gbé e jáde. Èyí tó ń gbé e jáde ló dí. Tí gọ́tà bá dí, ṣebí inú ilé lomi á padà sí. Ẹ̀jẹ̀ àtomi ti jò sínú awọ yẹn, ó ti wú, ebi ń pa àwọn iṣan inú ẹ̀ kú.

Ojú-Àṣá ní kò sóhun tó bà jẹ́ nínú aago tóun ò lè pààrọ̀.

"Bàbá, èyí ò ní ààrọ̀," dókítà wí. "Iṣan tó bá ti kú lójú kì í hù padà. Ẹ jẹ́ ká tètè gba èyí tó kù là."

Ó ní kó padà sídìí oògùn, kó sì wá gba abẹ́rẹ́ sínú ojú, kí wíwú náà lè lọlẹ̀. Bó ṣe gbọ́ abẹ́rẹ́ nínú ojú, ó dìde. Ìbẹ̀rù ni, ó kàn ń pè é ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin. Ó kọ etí ikún sí wọn, kò padà lọ.

4.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí aago síwájú, àfi bí àwọn eyín kéékèèké inú ẹ̀ ṣe pòórá mọ́ ojú ọ̀tún náà lójú. Ó ní kí ìyàwó ẹ̀ tan iná. Ìyàwó ní iná wà ní títàn. Kò dùn ún rárá, ìkà tó wà nínú àìsàn yìí nìyẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra ẹ̀ ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gún òun lábẹ́rẹ́. Wọ́n gún un, wíwú náà lọlẹ̀, àmọ́ àwọn iṣan àárín ojú méjèèjì ti kú. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ló ń rí báyìí. Ohun tó bá dojú kọ gan-an kì í rí i.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí gbé ọmọ tuntun wá, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó rí ọmọ ìka ẹsẹ̀, ó rí etí aṣọ. Ibi tó bá yíjú sí láti rí ojú ọmọ, ìkùukùu á ti ṣáájú ẹ̀ débẹ̀.

"Ta ló jọ?" ó béèrè.

Ìyàwó ẹ̀ ló dáhùn.

"Ìwọ ló jọ."

Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Tó bá ń sáré bọ̀ wá dì mọ́ bàbá ìyá ẹ̀, aṣọ kékeré tí kò lórí ló ń bọ̀, tòun tẹ̀rín. Bàbá á sì fà sẹ́yìn. Ó ti sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ẹ̀rù ọmọ náà ń ba òun. Láìpẹ́ yìí, ọmọ náà ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kì í sáré wá mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má fọwọ́ ara yín dá oògùn dúró. Tó bá ń dà yín láàmú, ẹ lọ sọ fún dókítà, kó wá òmíràn fún yín. Ẹ dìde níbi tẹ́ ẹ wà yìí, ẹ bo ojú kan, ẹ fi èkejì wo ògiri, kẹ́ ẹ tún bo ìkejì. Tẹ́ ẹ bá rí ìkùukùu, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.