Ìrìn-àjò Oyèdìran sí Etí Òkun

Lọ́dún 1974, lẹ́yìn tí wọ́n ti wa iṣu tán, Oyèdìran tún sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ìlobù pé òun ń lọ sí Gánà. Ọdọọdún ló ń lọ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn àjèjì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969. Kì í kó ọjà lọ, kì í sì í kó ọjà bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń wá lọ síbẹ̀?" Sùlè àbúrò rẹ̀ bi í.

"Mo fẹ́ lọ wo ojú òkun."

"Obìnrin tó ti lọ ti lọ. Ẹ fẹ́ ẹlòmíràn. Ilé yín dá jù."

Oyèdìran ń di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìlú kékeré tó ti gbé rí ní Gánà wà lẹ́yìn Tákóràdí, igbó dúdú lẹ́yìn rẹ̀, àwọn erékùṣù níwájú rẹ̀ nínú omi. Oyèdìran jókòó sórí iyanrìn, ó ń wo àwọn apẹja bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n. Oòrùn ti rọ̀ kí Àbẹ̀ẹ́kẹ́ tó dé. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, Bàbá Dúró."

"Àbẹ̀ẹ́kẹ́ mi. O ti rù."

"Ẹ̀yin náà rù. Ara ìyá yín ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n gbé wọn lọ sí ọsibítù."

"Ara wọn ti yá."

Kò bi í níbi tó ti gbọ́ ọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí ẹ̀bá igbó, níbi tí wọ́n sin Dúró sí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Oyèdìran ro ojú oórì náà. Àbẹ̀ẹ́kẹ́ fọwọ́ gbá ewé kúrò níbẹ̀.

"Ì bá ti máa lọ sílé ìwé," ó ní.

Lẹ́yìn náà wọ́n ra kẹ́ńkẹ́ àti ẹja díndín, wọ́n jẹ ẹ́ nínú abọ́ kan náà, wọ́n ń wo àwọn erékùṣù títí ojú òkun fi ṣókùnkùn.

Ọjọ́ ìpínyà pé. Wọ́n dé gáreeji.

"Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ṣáájú," Àbẹ̀ẹ́kẹ́ wí.

"Ọlọ́run á jẹ́ ká tún ríra lámọ́dún."

"Àmín."

Ó wọ lọ́rì, kò bojú wẹ̀yìn. Oyèdìran nìkan ló sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, Àbẹ̀ẹ́kẹ́ ń ti odò bọ̀ wá sílé bàbá rẹ̀ ní Ìfọ́n, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ àkùkọ Ìlobù bó bá kọ, ó pàdé Oyèdìran àti Sùlè lọ́nà, ṣùgbọ́n nítorí ìjà ilẹ̀ tí àwọn ẹbí méjèèjì torí ẹ̀ tú ìgbéyàwó wọn ká gbàrà tí wọ́n ti Gánà dé, ọkọ kò kí ìyàwó, ìyàwó kò kí ọkọ.