Iyọ̀ Inú Tíì

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bàtà náà, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Ahun tó bá ti kẹ́yìn sí wọn, ń ka rọ́bà tí wọ́n fi ń di àpò ìwé lọ́wọ́ nígbà tí Mẹkáníìkì wọlé. Àpọ́n onírùngbọ̀n ni Mẹkáníìkì, òun nìkan ló mọ ìwà àwọn ògbólógbòó ẹ̀rọ ibẹ̀.

"Ọ̀gá, tí mo bá fẹ́ fi ẹnì kan kún adójútòfò ìlera mi ńkọ́?"

"Ìyàwó àtọmọ nìkan la ń gbà. Ẹbí yòókù, kálukú ló ń dá tiẹ̀ gbé. Tó bá jẹ́ ìyàwó, wọ́n á yọ ìdajì owó rẹ̀ nínú owó oṣù ẹ, èmi á san ìdajì tó kù. O ti rí ìyàwó ni?"

"Rárá, sà." Ó họrí, ó jáde.

Kò pẹ́, opó kan tí orí rẹ̀ ti funfun bẹ̀rẹ̀ sí í po tíì fún wọn. Ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti ní bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, yóò fọ́ pátápátá. Òṣìṣẹ́ tó bá lo oṣù mẹ́ta láìlẹ́jọ́ ló ń gba káàdì ìlera tirẹ̀, owó tí ọ̀gá ń san lórí káàdì náà ò sì tó nǹkan. Ohun tí Ìyá Onítíì ń lé nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní ló bu iyọ̀ sínú tíì dípò ṣúgà. Ahun tu tirẹ̀ sára àga. Mẹkáníìkì gbé tirẹ̀ mu tán, ó nu irùngbọ̀n.

"Ṣé ahọ́n ẹ ti kú ni?" aránbàtà kan bi í.

"Ó ti mọ́ mi lára."

Láti ojú fèrèsé, Ahun ń rí bí Mẹkáníìkì ṣe ń fa ìyá náà lọ́wọ́ kọjá nínú ọgbà, bó ṣe ń gba báàgì rẹ̀ gbé. Ahun bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Bí àpọ́n yìí bá fẹ́ ẹ, ilé-iṣẹ́ ni yóò san ìdajì owó adójútòfò ìyàwó. Bí òun bá sì lé ìyá náà, Mẹkáníìkì á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Mẹkáníìkì.

"Kí ló wà láàárín ìwọ àti Ìyá Onítíì?"

"Mo fẹ́ràn wọn, sà. Tí ojú wọn bá fọ́, ayé mi bàjẹ́."

"Ẹni tó tó bí ẹ!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ahun mí kanlẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. "Ó dáa. Oṣù mẹ́ta ò ní pé tí màá fi fún un ní káàdì tiẹ̀. Àmọ́ búra pé o ò ní fẹ́ ẹ."

"Mo fẹ̀mí mi búra, sà. Láéláé!"

Nígbà tí ìyá náà ti ilé ìwòsàn dé, ṣúgà ló bu sínú tíì. Ahun ń mu tirẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, bí ẹni tó gbọ́n ju ayé lọ.

Ìyá Onítíì gbá Mẹkáníìkì lágbọ̀n mú, ó yí ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó títí, ó ní: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí mo ṣe bí ẹ náà lo ṣe burẹ́wà tó báyìí, àbí ojú mi ni ò tíì jinná?"