Okùn Ẹsẹ̀ Rimal

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Èmi fúnra mi ò mọ nǹkan kan nípa ojú ọjọ́ o. Èmi tí mo sá aṣọ lánàá tí òjò sì pa á, kí ni mo fẹ́ mọ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n ni mò ń sọ ọ́ fún.

1.
Ní abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè Hajar, ní ilẹ̀ Oman, tá a bá ti ká dàbínù tán tí ooru ń di ẹrù rẹ̀, ojú ọjọ́ á ya wèrè. Oòrùn láàárọ̀, àrá lọ́sàn-án. Kó tó dìrọ̀lẹ́, odò tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá á já wálẹ̀ látorí òkè bí akọ màlúù tó já okùn.

Gbogbo abúlé á wá jókòó sétí rẹ̀, kọfí lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ọkọ̀ la omi kọjá ni akọni. Àwọn tó ń pè é lákọni kì í fi ọkọ̀ tiwọn wọ̀ ọ́.

Khalfan ti jẹ́ akọni lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ ò lè bá a mu kọfí kó má sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì.

2.
Ó ní abo ràkúnmí kan tó ń jẹ́ Rimal. Ó ní ni mo wí. Zuwaina ìyàwó rẹ̀, ìyá Mazin ọmọ wọn, ló tọ́ ọ. Ìyá Rimal kú lọ́jọ́ tó bí i, Zuwaina sì fi wàrà ewúrẹ́ àti oyin wò ó dàgbà.

Eré ìje ràkúnmí ku ọ̀la, pápá rẹ̀ sì wà ní òdìkejì odò. Wọ́n mú Rimal kúnlẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi okùn dì í kó má lè dìde lójú ọ̀nà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Khalfan wọ jalamíà funfun, ó fi ọ̀bẹ fàdákà sí ìbàdí bí ọkọ ìyàwó.

Fóònù Zuwaina dún. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní kí ẹnikẹ́ni má wọ odò títí di ọ̀la.

"Bàbá Mazin, ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà tó yí odò po."

"Wákàtí mẹ́ta gbáko? Gbójú sókè, ṣó o rí ìkùukùu?"

"Mi ò rí i lórí wa. Orí òkè lọ́hùn-ún ló ti dúdú."

"Ṣé orí òkè là ń lọ ni?"

3.
Nígbà tí wọ́n dé etí odò, omi ti dé orúnkún. Ogún ọkọ̀ ti dúró. Bàbá Hamud, ẹni ọgọ́rin ọdún, na ife kọfí sí Khalfan.

"Jókòó, ọmọ mi. Àlejò lomi yìí. Tó bá di wákàtí méjì, á lọ."

"Bàbá, ẹ̀rù ń bà yín ni."

"Ó ń bà mí dáadáa. Òun ló jẹ́ kí n dàgbà tó báyìí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ Murshid, aládùúgbò rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò nílẹ̀kùn, kígbe pé: "Ẹ bá akọni wá àga o! Akọni ti darúgbó!"

Khalfan ṣíná ọkọ̀. "Ìyá Mazin, sọ̀ kalẹ̀."

"Tí Rimal bá ń lọ, mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n tú okùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ná."

"Kó lè fò sínú omi? Jókòó jẹ́ẹ́!"

4.
Wọ́n dé àárín. Omi òkè dé bá wọn níbẹ̀, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ga bí ògiri, ó ru ìtì igi dàbínù. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Létí odò, ogún fóònù gòkè lẹ́ẹ̀kan náà.

Zuwaina fa ọ̀bẹ yọ níbàdí ọkọ rẹ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde sẹ́yìn.

"Ìyá Mazin, padà!"

"Ó ń ké, ẹ ò gbọ́ ni?"

Ó gé okùn àkọ́kọ́. Ó gé ìkejì. Rimal dìde, ọkọ̀ sì dojú dé.

Okùn tí Bàbá Hamud jù ni wọ́n fi fa Khalfan jáde. Rimal fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òdìkejì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí Zuwaina, nísàlẹ̀ odò lọ́nà jíjìn, lábẹ́ igi.

Murshid ní òun ò sọ nǹkan kan. Ohùn rẹ̀ sì wà nínú gbogbo fídíò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tójú ọ̀run bá mọ́ lórí yín, ẹ béèrè ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹ má wọ odò nítorí ariwo ẹni tó jókòó. Ẹ má di ẹsẹ̀ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ wá gbé e sínú ewu. A kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò.

Nígbà tí Mazin ti ilé ẹ̀kọ́ dé láti wá sin ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi bàbá rẹ̀:

"Bàbá, wákàtí méjì péré ni. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"